Ẹ Má Yọ Àbẹ̀kẹ́ Kúrò Nílé Ìwé Nítorí Inú Rírun

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú oko, ẹ kú àmójútó. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kàdúná níbí, mo kí Bàbá, mo kí gbogbo ilé wa ní Òwu-Ìsin. Ọyẹ́ ti dé, ètè wa ti bó, ṣùgbọ́n ara le. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tíṣà ń lọ dáadáa. Àárò yín ni ò yéé sọ mí.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi dákú nílé ìwé nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ dé, Bàbá sì ní kó jókòó sílé, kó lọ sílé ọkọ, pé tó bá ti bímọ, inú rírun náà á lọ. Màmá, Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ ní kó kọ lẹ́tà náà! Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ò ní padà síléèwé mọ́. Mo kà á, mo sunkún.

Inú ń run àwa ọmọbìnrin tí a jọ ń gbé iléèwé níbí náà. Ẹni tí tirẹ̀ bá dé á so ìborùn mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á bá a pọnmi, á bá a gbálẹ̀, á bu omi gbígbóná sínú ìgò, á fi aṣọ wé e, á fún un kó gbé e lé ikùn. Ọmọ Haúsá kan tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló máa ń se ata-ilẹ̀ fún mi. A ò tíì gbọ́ èdè ara wa dáadáa, àmọ́ ó mọ ìborùn mi. Tó bá le jù, nọ́ọ̀sì á fún wa lóògùn, a ó sùn, bó bá rọlẹ̀ a ó padà sí kíláàsì.

Nọ́ọ̀sì yìí ní ẹni tó bá ń dákú gbọ́dọ̀ rí dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un lọ sọ́sibítù ní Òmù-Àrán. Ọkọ kì í ṣe oògùn o! Bó bá délé ọkọ tí inú ò yéé run ńkọ́?

Ẹ bá mi bẹ Bàbá. Kwara tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ yìí, àwọn tó mọ̀wé ni yóò ṣiṣẹ́ ibẹ̀. Kí ọmọ tiwa náà wà níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, mo mọ̀ pé ìwọ ló ń ka èyí fún wọn. Má fo ibì kankan, má sì tijú. Kà á sókè kí Bàbá gbọ́.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀yin òbí wa sí, ẹ ó jẹun ọmọ. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ kí tọmọdé tàgbà. Bí ẹ bá fẹ́ fèsì, Àbẹ̀kẹ́ náà ni kó bá yín kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ti ilé ìwé dé.

Èmi ni ọmọ yín,
Adúnní