Ìka Tí Àmúdàtù Tẹ̀

                                        13, Òpópónà Oyèníran,
                                        Sùúrùlérè,
                                        Èkó.
                                        9 Oṣù Kẹta, 1976.

Kíkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní Iléṣà. Oòrùn ṣì ń yan àwa níbí. Ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Obìnrin kan wà, Àmúdàtù, aránṣọ ni ní Mushin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀. Nígbà tó gbé oyún kẹrin dé ilé ìwòsàn wa lóṣù Kejìlá, dókítà sọ fún un pé ìkarùn-ún yóò pa á. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kúkú dí ọ̀nà ọmọ lọ́jọ́ abẹ, kóun má baà lóyún mọ́. Dókítà fẹ́ kí ọkọ rẹ̀, Tìrìmísíyù, fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n Kánò lọkọ wà. Èmi ni mo sọ pé àgbàlagbà ni, ara rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ sì dá. Mo ka ìwé náà fún un ní Yorùbá lẹ́ẹ̀mejì. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n kú." Ó tẹ ìka, mo buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, wọ́n sì ṣe é lọ́jọ́ tó bímọ.

Nígbà tí ọkọ dé tó sì gbọ́, ó kó àwọn àgbà ilé wọn wá bá Mátírọ̀ọ̀nù, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì. Wọ́n pe ìgbìmọ̀. Ọkàn mi balẹ̀, torí ẹni tó ni ara wà níbẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àmúdàtù wolẹ̀, ó ní, "Mi ò tẹ nǹkan kan. Bóyá ìgbà tí mo sùn ni wọ́n fà mí lọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́." Dókítà ní òun ò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tèmi lòun gbà gbọ́ tóun fi ṣe é. Wọ́n ní kí n máa jókòó sílé títí wọ́n á fi pinnu bóyá màá tún wọ aṣọ funfun.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó pọn ọmọ wá bá mi nílé. Ó kúnlẹ̀, ó ní tóun bá jẹ́wọ́, wọ́n á lé òun, wọ́n á sì gba ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ òun. Mo bi í bóyá ó lè sọ ọ́ fún Mátírọ̀ọ̀nù nìkan. Ó mirí. Mi ò bú u, mi ò sì dárí jì í. Mo ní kó máa lọ kí oòrùn tó mú ọmọ.

Mo ti bi ara mi bóyá màá tún buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀. Màá buwọ́ lù ú, Kíkẹ́, torí oyún mìíràn ì bá pa obìnrin náà lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ọwọ́ mi mú mọ́.

Bá mi kí ìyá àtàwọn ọmọ. Bí o bá rí màmá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, má sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn. Wọ́n ṣì rò pé mò ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àrìnpé.