Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lórúkọ Tíṣà

                                                  Ilé Aláró,
                                                  Ẹ̀yìn Sitéṣọ̀n Rélùwéè,
                                                  Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwárà.
                                                  Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Gbádé, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo kí ọ o. Báwo ni ara? Báwo ni orúnkún tó ń dùn ọ́ nígbà tí a pàdé lọ́jà lóṣù tó kọjá? Ṣé àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà? Ṣé ìyàwó ń gbádùn? Ṣé ẹ ti ń wa iṣu ní Ilemona? Tiwa níhìn-ín kò burú, àfi àwọn màlúù tó wọ inú àgbàdo mi. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo kí gbogbo ẹni tó wà nínú ilé yín, gbogbo wọn pátá. O mọ ẹni tí mò ń kí.

Ẹnu yóò yà ọ́ pé mo kọ lẹ́tà, èmi tí n kò wọ kíláàsì rí, tí bàbá mi mú lọ sóko lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sílé ìwé. Barnabas, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló ń bá mi kọ ọ́. N kò fẹ́ fóònù, nítorí gbangba ni ẹ máa ń tan ohùn fóònù sí nílé yín. N kò sì lè wá. Ọ̀kadà kan péré ni láti ibí dé ọ̀dọ̀ yín, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogójì ọdún tí ẹsẹ̀ mi ti tẹ àgbàlá yín gbẹ̀yìn, ìwọ náà sì mọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Hàlímàt ni, ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọdún kẹta rèé tó ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé gíga ní Ìlọrin, páàtì-táìmù. Ó ní ohun tí wọ́n ń kọ́ ń jẹ́ báyómẹ́dísìn, ìmọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ àti ara àti ohun tó ń ṣe é. Ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ló ń wọ bọ́ọ̀sì lọ, ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló ń dé. Mo bi í pé irú ilé ìwé wo ni wọ́n ń fi ọjọ́ méjì lọ. Ṣé èmi ń fi Sátidé nìkan roko ni? Ẹni ọdún méjìdínlógójì, tó ní ọkọ, tó bímọ méjì, tó ń gbé báàgì kọ́ apá bí ọmọ sẹ́kọ́ńdírì! Mo rò pé ọkùnrin kan ló wà nídìí ẹ̀. Mo pe ọkọ rẹ̀, mo ní kó la ojú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun fúnra òun ni òun ń gbé e lọ sí gáréèjì. Ìyẹn kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mo ní àwọn méjèèjì ti jọ gbìmọ̀ pọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ní iṣẹ́ ìwádìí tí wọn yóò fi jáde ni, pé òun fẹ́ mọ jẹ́nótáìpù gbogbo agbo ilé wa. Ó ní ti òun jẹ́ AS, ti ìyá òun jẹ́ AA, nítorí náà ó níbi tí S ti wá. Èmi ló sì tẹjú mọ́. Gbádé, mo rò ó pé ṣé ọmọ yìí ń wádìí bóyá èmi ni mo bí i ni? Mo bi í pé kí ni S. Ó ní S kan ṣoṣo kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan, pé bí ọkọ bá ní i, tí ìyàwó náà ní i, ọmọ lè gba méjì, àìsàn á sì wọlé. Mo ní ẹ̀jẹ̀ mi kì í ṣe fún títà. Ó ní, “Bàbá, ta ló fẹ́ ra ẹ̀jẹ̀ tó kún fún aáṣáà?”

Mo fún un níkẹyìn, ṣùgbọ́n mo dẹ pańpẹ́ fún un. Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń kàwé, Tìmílẹ́yìn, gbé tábìlì sí iwájú sitéṣọ̀n lọ́jọ́ kejì, ó ń gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tó bá fẹ́, fún iṣẹ́ ìwádìí kan náà. Kò mọ̀ mí rí. Mo fa fìlà mi bolẹ̀ síwájú orí, mo lọ jókòó, mo ní orúkọ mi ni Barnabas. Mo ti sọ fún Tíṣà tẹ́lẹ̀. Ó ní orí mi kò pé, ṣùgbọ́n ó gbà. Èrò mi ni pé bí ìwé méjèèjì bá yàtọ̀ síra, ilé ìwé jìbìtì ni, Hàlímàt á sì jókòó sílé tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni èsì dé. Hàlímàt mú ìwé tèmi wá, ó sì mú ti “Barnabas” dání fún Tíṣà. Tíṣà ka méjèèjì sókè. AS. AS. Mo ní kó tún un kà. Hàlímàt ń wo Tíṣà. Ó ní, “Bàbá Tíṣà, èmi fúnra mi ni mo yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò lọ́dún tó kọjá, AA ni tiyín. Jẹ́nótáìpù kì í sì í yí padà. Ta ló jókòó síwájú Tìmílẹ́yìn?” Tíṣà fi ẹnu nà mí láìtijú. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun á ní kí wọ́n yọ èsì “Barnabas” kúrò, kí irọ́ bàbá òun má bàa ba iṣẹ́ òun jẹ́.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó sọ nípa ọkọ àti ìyàwó ló ń dún létí mi. Mo bi í pé báwo ni àìsàn ọmọ tó gba méjì ṣe ń rí. Ó ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ a máa wú láti kékeré, ẹyinjú á dà bí àwọ̀ ìyeyè, egungun á máa ro wọ́n, wọ́n á sì máa ké. Gbádé, kò sí èyí tí n kò rí nínú ohun tó kà sílẹ̀. Mo rí i lára Dúrójayé. Mo rí i lára Kòkúmọ́. Mo rí i lára Bánjókòó, tó pẹ́ jù nínú wọn, tó ti ń bá mi gbé agbè omi lọ sóko.

Àbíkú ni gbogbo wa pè wọ́n. Mo gbà kí wọ́n fi abẹ kọ Kòkúmọ́ lára kí wọ́n tó sin ín. Lẹ́yìn tí Bánjókòó lọ, èmi ni mo dìde láàárín ẹbí tí mo ní ìyá yín ló ń jẹ àwọn ọmọ náà, pé Àṣàkẹ́ àbúrò rẹ, tó bí wọn fún mi, mọ̀ sí i. O wà níbẹ̀. O mú àbúrò rẹ lọ sílé, o kò bá mi jà, a sì ń kíra lọ́jà láti ọjọ́ náà láìdárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìyá Hàlímàt bí márùn-ún fún mi, tí ọ̀kankan kò kú, mo ní ṣé ẹ rí i báyìí?

Hàlímàt kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n mẹ́ta. Ọjọ́ náà ni mo sọ fún un. Ó wá ní, “Bàbá, S yín náà wà níbẹ̀.”

N kò tíì gba ilé ìwé Sátidé náà gbọ́ tán. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ọ́ pé kí o bi Àṣàkẹ́ bóyá yóò gbà kí Hàlímàt wá gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀. Bí S bá wà nínú tirẹ̀ náà, a jẹ́ pé òótọ́ ni, n óò sì wá tọrọ àforíjì.

Ibí yìí ni Tíṣà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, “Àlàbí, obìnrin tó sin ọmọ mẹ́ta, o tún fẹ́ kó mú ẹ̀rí wá?” Mo ní kó máa kọ ohun tí mo bá wí. Ó ní òun kò kọ. A jókòó bẹ́ẹ̀, a ń wo ara wa, títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Nígbà tí mo kírun tán tí mo padà, mo ní kó pa ibẹ̀ rẹ́. Ó ní rárá, kí o rí irú ẹni tí mo jẹ́.

Nítorí náà, má bi í. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un lábẹ́rẹ́ nítorí mi. Sọ fún un pé mo dárúkọ àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ilé mi, ní ojú Hàlímàt, àti pé n óò gun ọ̀kadà wá lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò yín bá jókòó síta. Iwájú ilé ni n óò dọ̀bálẹ̀ sí. Bí kò bá jáde, n óò dìde, n óò sì padà. Má bẹ̀ ẹ́ fún mi.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Tíṣà ní òun kí ọ. Hàlímàt wà ní Ìlọrin lónìí. Mo ti ní kí ọkọ rẹ̀ pè mí tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì, kì í ṣe pé mò ń ṣọ́ ọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ, olóríkunkun, ló tẹ àtàǹpàkò sí i,

Àlàbí