Ilé Wa Ti Gba Òǹtẹ̀, A Ń Bọ̀ Ní Kútọnù

Dáṣà, ìgbà iṣu tuntun, 1967

Blandine ọmọ mi, ọmọ orí òkè,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Désiré àna mi ń jẹun dáadáa? Ṣé ikùn rẹ ò fún ọ ní wàhálà? Ọlọ́run tó mú ọ dé oṣù tí o wà yìí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Wẹ́rẹ́ ni ewé ń bọ́ lára igi, wẹ́rẹ́ ni o ó bí, Ìyá Màríà Àrígbó yóò wà níbẹ̀, àmín. Àwa náà wà. Òjò rọ̀ fún iṣu wa, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń ké bí ẹ̀gbọ́n rẹ Dominique nígbà tó wà ní kékeré.

Inú ilé wa tuntun ni mo jókòó sí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ilé náà sì ní táyà mẹ́fà. Má rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Nígbà tí o kọ̀wé pé yàrá kan péré ni ẹ ń gbé, pé ọkọ rẹ ní kò sí àyè tí ìyá rẹ máa sùn sí tó bá wá wẹ ọmọ, ìyá rẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn kó ọṣẹ dúdú àti òrí tó ti ń tọ́jú de ọmọ náà padà sínú àpótí, ó sì yíjú sí ògiri. Ọmọ tí ọmọ rẹ̀ máa kọ́kọ́ bí! Ta ni yóò wẹ̀ ẹ́, ará Kútọnù tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń na apá ọmọ? Ó dùn mí wọra.

Ni mo bá rò ó pé bí kò bá sí yàrá ní Kútọnù, yàrá wà ní Dáṣà, ká kúkú gbé e lọ. Mo lọ bá Ṣàkírù, oníṣòwò ẹ̀gbẹ́ ọjà, mo kó ẹ̀pà àti òwú mi fún un, òun náà fún mi ní kámíyọ̀ ńlá tó fi ń kó ẹrù lọ sí Paraku tẹ́lẹ̀. Mathieu káfíńtà kan òrùlé sí i, ó yọ fèrèsé, ó gbé bẹ́ẹ̀dì sí i. Ìgbà yẹn ni ìyá rẹ tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní ilé tí kò ní ààrò kì í ṣe ilé. Ó ru òkúta mẹ́ta wá láti orí òkè wa, ó sì fi amọ̀ ilé ikán mọ wọ́n mọ́ irin ìsàlẹ̀ kámíyọ̀ náà, bí ìyá mi ṣe mọ ti ẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó wọlé mi gẹ́lẹ́.

Léonard àbúrò mi, tó ní ìwé àṣẹ àwọn tó ń wa ọkọ̀ ńlá, ló jókòó sídìí ọkọ̀. Àfi bí a ṣe dé ẹnubodè Dáṣà tí jàndáámù, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, dá wa dúró. Ó ní ẹrù kí la kó. Mo ní ilé ni. Ó ní ìwé àṣẹ akẹ́rù dà. Mo ní ta ló ń gba ìwé àṣẹ kó tó sùn nílé ara rẹ̀, àbí bàbá mi gbàwé kó tó kọ́lé sórí òkè? Ó béèrè iye kílò tí ilé náà wọ̀n. Mo ní ọmọ ni wọ́n ń gbé sórí ìwọ̀n nílé ìwòsàn, wọn kì í wọn ilé. Blandine, ọkùnrin yẹn gba kọ́kọ́rọ́ ilé mi! Ó ní ọkọ̀ tó tóbi báyìí, akẹ́rù ni lójú òfin, àfi bí ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò bá wá láti Àgbómẹ tó sì jẹ́rìí pé ilé ni. La bá di ará ẹnubodè. Ìyá rẹ ń ka oṣù rẹ lórí ìka.

Nígbà tí ọ̀gá dé, ọmọdé olójú dígí ni, kò lè jù ọ́ lọ. Ó ní òfin sọ pé ilé gbọ́dọ̀ ní ibi ìsùn àti ibi ìdáná, pé ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ le mọ́lẹ̀ débi tí a ò fi ní lè yọ ọ́ kúrò ká wá kó ẹrù síbẹ̀. Ó ti bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì sì rìn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mathieu ò kan ìṣó kankan mọ́ ọn, Ọlọ́run ló máa bá mi bi í!

Ló bá bẹ̀rẹ̀, ó di òkúta ààrò mú. Yéè! Ìyá rẹ figbe ta, gbogbo ẹnubodè figbe ta. Perpétue, ìyá àgbà tó ń ta gàrí níbẹ̀, sọ fún un pé èèwọ̀ ni, pé a kì í tú ààrò obìnrin tó wà láàyè, àfi ẹni tó bá fẹ́ lé e jáde nílé ọkọ. Ọ̀gá ní òun ò bá èèwọ̀ jà, òun ń dán an wò ni. Ó fà á, kò mì. Ó bọ́ kóòtù, ó tún fà á, dígí ojú rẹ̀ já bọ́ sínú eérú. Ó pe jàndáámù pé kó wá bá òun fà á. Àwọn méjèèjì fà á títí, kámíyọ̀ ló ń mì, ààrò ò mì! Òkúta Dáṣà rèé, amọ̀ ìyá rẹ rèé!

Ọ̀gá nu ojú, ó lu òǹtẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé ni, ilé Ignace, kí ẹnikẹ́ni má bi wá léèrè ìwé akẹ́rù mọ́. A borí! Ìyá rẹ dáná sí ààrò náà lójú ẹsẹ̀, ó gúnyán fún wọn, jàndáámù ló sì jẹ jù. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ẹni tó kọ òfin ìjọba, obìnrin Dáṣà ló bí i. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe mọ̀ pé ààrò ló ń sọ ilé di ilé?

Ó ku ohun kan. Wọ́n ní ká san owó àṣùráǹsì fún ọkùnrin kan ní Kútọnù kí jàǹbá má bàa ṣe wá. Jọ̀ọ́, bá mi lọ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Bí àdúrà rẹ̀ bá lágbára ju ti Fadá wa lọ, bá mi san owó náà fún un. Bí kò bá sì lágbára tó o, ṣáà fi owó epo ránṣẹ́, torí ilé yìí ń mu ju bàbá àgbà rẹ lọ.

Kí àna mi gbá iwájú ilé yín, kó gé ẹ̀ka igi tó bá wálẹ̀ jù. Kó má yá ẹní, kó má tọrọ yàrá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí gbogbo wa sí, a ó fẹ̀rín pàdé, ọwọ́ rẹ yóò gbọ́mọ jó. Ìyá rẹ ti kó ọṣẹ dúdú àti òrí jáde nínú àpótí, ó ti tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, orí òkúta Dáṣà ni omi ìwẹ̀ ọmọ rẹ máa ti gbóná.

O ní kò sí àyè. A ti gbé àyè dání, a ń bọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ignace onílé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà