Ẹnu Kẹ́ẹ̀gì Ni Mo So Ìbòmú Rẹ Mọ́

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé àwọn ọ̀gá rẹ ò fi iṣẹ́ pa ọ́? Bí o ṣe ń po ọ̀dà fún wọn níléeṣẹ́ yẹn, àwọ̀ ayé tìrẹ ò ní í ṣá. Àwa náà wà níbí, bàbá yín ń kan àga, èmi ń kùn ún, bí o ṣe fi wá sílẹ̀ náà la wà.

Mo rí ẹrù tí o fi rán awakọ̀, mo sì ka ìwé tí o kọ nípa tínà, omi olóòórùn tí mo fi ń po fáníìṣì tí mo fi ń kun àga, inú sì bí mi. O ní tínà kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo, pé tolúìnì wà níbẹ̀, sáílíìnì wà níbẹ̀, asitóònù àti mẹ́tánọ́ọ̀lù náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn há sínú kẹ́ẹ̀gì kan bí ayálégbé, kò sì sí èyí tó ń sanwó ilé nínú wọn. O ní tolúìnì àti pẹtiróòlù, ọmọ ìyá ni wọ́n, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti wá, pé tolúìnì máa ń mú kí òòyì kọ́ èèyàn. O ní mẹ́tánọ́ọ̀lù jọ ọtí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mu ún, ojú rẹ̀ á fọ́. Ta ló fẹ́ mu ún? Ta ló rí mi rí kí n gbé kẹ́ẹ̀gì sẹ́nu? Asitóònù tí o ní ó ń tètè gbẹ yẹn, òun gan-an ni mo fẹ́ràn nínú wọn, torí kì í ṣe ọ̀lẹ.

O wá ní kí n fi ìbòmú tó wà nínú ẹrù náà dí òórùn wọn. Mo rò ó dáadáa. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń rùn là á bò lẹ́nu, a kì í bo ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́. Mo so ó mọ́ ẹnu kẹ́ẹ̀gì, mo fa rọ́bà rẹ̀ le, ó bá a mu, ó wá jọ imú ẹlẹ́dẹ̀. Bàbá yín wò ó títí, wọ́n ní nínú èmi àti kẹ́ẹ̀gì, ta ni ọmọ ra nǹkan yìí fún.

Ti fèrèsé tí o ní kí n máa ṣí, mi ò gbà. Bí eruku bá bà lé fáníìṣì tútù, àga á rí ṣákaṣàka bí ahọ́n ẹran, ta ló máa rà á? Ìyẹn ni mo ṣe ń ti gbogbo ilẹ̀kùn. O sì ní o máa wá gbé mi wá sọ́dọ̀ rẹ kí n wá jókòó. Kí n jókòó ṣe kí ni? Ọwọ́ tí mo fi kun àga náà ló rán ọ níléèwé tí o ti mọ orúkọ àwọn tolúìnì.

Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé mo dákú, irọ́ ni. Oorun ló gbé mi lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí mo ń kùn. Nígbà tí mo lajú, ìta ni mo bá ara mi, omi ń kán lára mi, orí ń fọ́ mi, bàbá yín kúnlẹ̀ tì mí, wọ́n ń pè mí lórúkọ tí wọn ò pè mí mọ́ látìgbà tí a ti ṣègbéyàwó. Mo ní kí ló dé tí wọ́n ń pariwo. Wọ́n dìde, wọ́n tú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tú fèrèsé méjèèjì, wọ́n sì fi ayùn rẹ́ ilẹ̀kùn náà, wọ́n fi kan tábìlì lójú mi. Mo ní ṣé kò sí nǹkan o. Wọ́n ní àwọn lè kan ilẹ̀kùn mìíràn, àwọn ò lè kan ìyàwó. Níwájú oníbàárà ni wọ́n ti sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀, wọn ò kan ilẹ̀kùn mìíràn ọ̀hún. Nítorí náà, fi owó ilẹ̀kùn ránṣẹ́ sí mi, kí n lọ rà á lọ́wọ́ káfíńtà òdìkejì, kí ayé máa wo ìyàwó káfíńtà tó ń ra ilẹ̀kùn. Má fi í sínú fóònù bàbá yín o, àwòrán àwọn ọmọ rẹ ti kún inú rẹ̀, owó ò ní ráyè.

Ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n, ojú rẹ ò ní fọ́, ilẹ̀kùn tí o bá kàn, wọ́n á ṣí i fún ọ.

Kò pọn dandan kí o kánjú lórí owó náà. Ìta ni mo ti ń kun tábìlì yẹn báyìí, eruku ti bà á jẹ́ díẹ̀. Bàbá yín gbé àpótí tì mí, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eruku, wọ́n pa iṣẹ́ tiwọn tì. Ó pẹ́ tí wọ́n ti bá mi jókòó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Èmi ni, ìyá rẹ, tó ṣì ń ṣiṣẹ́.