Àwọn Tó Fọwọ́ Sí Ọ̀ràn Igbó Wa Kò Tíì Dé

Ọpẹ́dayọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ o, okun o, okun iṣẹ́, okun ariwo Àbújá. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí o ṣìnà níjọ́ tí o kọ́kọ́ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí ire rẹ ṣìnà. Àwa náà wà ní Ògìdì níbí, orúnkún nìkan ló ń dùn mí, ewúrẹ́ Bíllíkísù aládùúgbò wa sì tún ti jẹ ẹ̀gẹ́ tí mo sá, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé.

Ọ̀ràn igbó náà ni. Nígbà tí iléeṣẹ́ onígẹdú ní àwọn fẹ́ gé igbó orísun odò wa, o ní kí n fọkàn balẹ̀, pé o ti gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì ti fọwọ́ sí i pé àwọn wà lẹ́yìn wa. Inú mi dùn débi pé mo jó, torí bí wọ́n bá gé igbó yẹn, odò á gbẹ, kí la ó máa mu? Ṣùgbọ́n o mọ ilé wa, ẹni tó bá ti gbà láti báni ṣe ọ̀wẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ di dandan. Ni mo bá ké sí àwọn obìnrin, Bíllíkísù gbé ìkòkò ìnáwó rẹ̀ wá, a wa iṣu, a dáná sétí igbó, à ń retí àwọn èèyàn rẹ. O ní àwọn kan wà ní Jámánì. Ṣé wọ́n ń jẹ ata? Mo ti bu ọbẹ̀ tiwọn sọ́tọ̀ kí n tó da ata sí i.

Ibẹ̀ ni mánẹ́jà iléeṣẹ́ náà bá wa. Ó béèrè pé ta là ń se gbogbo èyí fún. Mo ní àwọn tó fọwọ́ sí i ni, pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ń bọ̀ wá dúró ti igi. Ó wo iṣu, ó wo ìkòkò, ó wọnú ọkọ̀ lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní kí wọ́n kó ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gé igi padà sọ́kọ̀, pé wọn ò ní fọwọ́ kan igi kankan títí wọn yóò fi bá ìlú ṣèpàdé lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ó wá ní òun máa fojú ara òun wo àwọn èèyàn náà lọ́jọ́ yẹn, pé bí òun ò bá rí wọn, àwọn ò ní bẹ̀rù arúgbó oníṣu.

A retí títí, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Àwa la gún iṣu náà níyán, a sì jẹ ẹ́ tán, ikùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Mi ò bínú sí wọn, bóyá ọkọ̀ wọn ló bàjẹ́ lọ́nà Kábà. Lóòótọ́, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé.

Jọ̀wọ́, wá owó epo àti iyọ̀ fún wa ká lè tún dáná. Má gba bánkì fi í ránṣẹ́ o. Èyí tó kọjá, owó olówó ni wọ́n kà fún mi ní Kábà, gbogbo rẹ̀ ló rún, mo sì mọ̀ pé ọmọ mi kì í fi owó rírún ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.

Adétáyọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ bá mi wo fóònù, ó ní orúkọ rẹ ló ṣíwájú nínú àwọn tó fọwọ́ sí i. Ọmọ mi, ojú rẹ ń yun mí. Jámánì jìnnà, Àbújá ò jìnnà. Wá lọ́jọ́ ọjà, kí n lè nawọ́ sí ọ níwájú mánẹ́jà, kí n sọ fún un pé wọ́n ti ń dé.

Ọlọ́run á sin ọ́ wá láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Martha.