Ohun Tí Mo Pa Kí Ẹ̀gbọ́n Tó Kírun Tán

Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́

Ọkàn mi ò balẹ̀. Lọ́sàn-án, mo fẹ́ ṣí ètò tó ń sọ ohùn àwọn àgbà Ìrẹ̀mọ tí mo gbà sílẹ̀ di àkọsílẹ̀, kọ̀ǹpútà ní nǹkan mìíràn ti gba pọ́ọ̀tù, ìyẹn ojú ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́. Mo tẹ àṣẹ tó ń fi ohun tó gbà á hàn. Iṣẹ́ kan tó ń lọ lórúkọ Ẹ̀gbọ́n Ràṣídì, tá a jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì, ló jáde. Wọ́n ti lọ kírun Jímọ̀. Ta ló ń pe àgbà lórí ìrun? Mi ò sì ní sùúrù. Mo pa iṣẹ́ náà.

Wọ́n dé, wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n ní:

"Iṣẹ́ tìẹ ni mo bá ọ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kó o lè tètè relé. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kó o tó pa á."

Ká tiẹ̀ ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn.