Nígbà tí Wọ́n Wá Yẹ Òrùlé Wò fún Sólà

Motọ́lání ọmọ mi,

Ó dá mi lójú pé ara rẹ le ní Àbújá níbi tí iléeṣẹ́ yín rán ọ lọ kọ́ṣẹ́. Ibikíbi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ níbẹ̀, ojúure ni wàá bá pàdé. Ara tèmi náà le. Ilé tí o ní kí n wá láti Ẹ̀sà-Òkè wá bá ọ ṣọ́ ní Súrùlérè ṣì wà ní ìdúró, kò sí ohun tó já bọ́ lára rẹ̀.

Ọmọbìnrin tí o ní ó ń bọ̀ wá wò ó bóyá ilé yẹ fún sólà ti wá o. Jemilat lorúkọ rẹ̀. Nítorí pé o ní àyẹ̀wò ni, mo gbálẹ̀, mo nu fèrèsé, mo fọ kọ́tìnì, kó má baà jẹ́ pé ìdọ̀tí ni kò ní jẹ́ kí ilé yege. Kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ lóòdù tó wà nínú ilé. Mo wọ́ àpò gàrí jáde, mo kó iṣu, mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo tí mo gbé wá láti ilé, mo ní gbogbo ẹrù náà nìyẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò gàrí. Àṣé fáànù, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ló ń béèrè.

Ló bá gun òrùlé. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní igi máńgòrò Màmá Teslim onílé yín ń ṣíji bo òrùlé wa láti ọ̀sán lọ, àfi tí wọ́n bá gé e. Mo ní oòrùn kúkú kún ìta fọ́fọ́, ṣé kò lè bù ú níbẹ̀ ni? Ó ní Màmá, àfi kí oòrùn kan páńẹ̀lì sólà fúnra rẹ̀.

Mo lọ bẹ Màmá Teslim nísàlẹ̀. Wọ́n ní ọkọ àwọn tó ti kú ló gbin igi yẹn, pé àwọn ò ní gé ẹ̀ka kan lára rẹ̀. Inú ti fẹ́ bí mi kí n tó rí fúláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ní ṣé tíì ni? Wọ́n ní abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ àwọn ni, kò gbọ́dọ̀ gbóná, tí wọ́n bá ti mú iná lọ, àwọn á gbé e lọ sí fíríìjì kẹ́míìsì kan l'Ójúẹlẹ́gbà, orúnkún ò sì jẹ́ kí àwọn lè rìn dáadáa mọ́. Omi bọ́ lójú mi. Mi ò sọ̀rọ̀ igi mọ́. Mo ní tí sólà yẹn bá lè wà ni, fíríìjì tiwọn náà ì bá máa tutù. Ni wọ́n bá ní ṣé dandan ni kó jẹ́ òrùlé wa, pé òrùlé ilé ìdáná àwọn lẹ́yìn kì í rí òjìji rárá.

Mo sáré pe Jemilat padà. Ó gùn ún, ó wọ̀n ọ́n, ó ní ibẹ̀ dára gan-an, pákó díẹ̀ ni ká pààrọ̀. Màmá Teslim ní àwọn yọ̀ǹda rẹ̀, kí wáyà kan ṣáà wọ yàrá àwọn. Mo ti gbà lórúkọ rẹ, má bínú.

Jọ̀ọ́, fi owó pákó ránṣẹ́, kí o fi owó ọkọ̀ tí n ó fi padà sílé lé e.

Bí Jemilat ṣe ń lọ, mo ṣàdúrà fún un pé oòrùn rẹ̀ ò ní wọ̀ lọ́sàn-án. Ó ní Màmá, ẹ bá wa gbà á fún páńẹ̀lì náà. Mo gbà á tọkàntọkàn. Oòrùn tìrẹ náà ò ní wọ̀ lọ́sàn-án, ìkùukùu ò sì ní bò ó.

Èmi ìyá rẹ,
Jael Láyíwọlá